Ta Ló Ń Jẹ́ Vehak?

Ìtì igi náà gbéra lọ́wọ́ ọkùnrin gìrìpá kan tó wá láti Perth, ó takìtì nínú afẹ́fẹ́, gbogbo èèyàn tó wà ní pápá ìdíje Strathcorran, ní Scotland, sì gbójú sókè tẹ̀ lé e. Àfi ẹni méjì. Oòrùn ta Marsaili MacCorran lójú, ó sì yára wolẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè padà, ọkùnrin kan ló rí lódìkejì okùn tí wọ́n fi sé pápá, tó dúró láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó na ọrùn sókè bí adìẹ tó ń mumi, tí òun nìkan kò wo igi. Marsaili ló ń wò. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Igi balẹ̀ gbì. Àwọn èèyàn hó yèè. Ibi tí igi bá forí lé nígbà tó bá balẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí, àmọ́ ká ní ẹnikẹ́ni bi Marsaili lọ́jọ́ náà, kò ní lè sọ bóyá òkè ló forí lé tàbí odò.

Kílítì ẹbí MacCorran, yẹ̀rì tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń wọ̀, ni ọkùnrin náà wọ̀, aláwọ̀ ewé tí ilà pupa là kọjá, ṣùgbọ́n tuntun ni. Ìṣẹ́po rẹ̀ ṣì le bíi pátákó, ó sì fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orúnkún. Ará òkèèrè nìyẹn. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n máa ń dé láti Kánádà, láti Ọsirélíà, láti ibi gbogbo tí afẹ́fẹ́ fẹ́ àwọn MacCorran lọ. Marsaili ti mọ irú wọn dáadáa. Ohun tí kò yé e nípa ti eléyìí ni ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà bo àyà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀, àní nígbà tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Kí ló gbé pamọ́ síbẹ̀?

Àntí Beca, ìyá arúgbó tí Marsaili ń gbé nílé rẹ̀, máa ń sọ pé imú Marsaili ló kọ́kọ́ ń wọlé kí ara rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Irọ́ kọ́. Tíṣà ni Marsaili nílé ẹ̀kọ́ kékeré Strathcorran, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tó ti fi Glasgow sílẹ̀ wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ àpéjọ ẹbí, òun ni wọ́n máa ń gbé sínú àgọ́ ìwé ìran, níbi tí àwọn ará òkèèrè ti ń wá bàbá ńlá wọn. Ìwé gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya gbogbo ìdílé sí bí igi tó ní ẹ̀ka. Fún Marsaili ní orúkọ kan àti ọdún kan, kí tíì rẹ tó tutù, ó ti bá ọ wá ẹni tí o jẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ kọ̀ kó tó fẹ́ bàbá rẹ, àti ẹni tó jí àgùntàn ta.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó padà sínú àgọ́ ni òjìji kan bo tábìlì rẹ̀.

“Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo èèyàn.”

Òun ni. Ní tòsí, ojú rẹ̀ dúdú bí omi adágún, ọkàn Marsaili sì fò díẹ̀, àmọ́ ó ṣe bí ẹni tó ń to bírò.

“Àwọn tó ti kú ni mo mọ̀ jù,” ni Marsaili fèsì. “Àwọn alààyè máa ń parọ́ ọjọ́ orí wọn fún mi.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Fearchar lorúkọ mi. Torcuil MacCorran ni bàbá bàbá mi.”

Marsaili dìde láìmọ̀. Ta ni kò mọ orúkọ yẹn lọ́jọ́ náà? Lọ́dọọdún ni ẹbí máa ń fi orúkọ kan kún Ìwé Àwọn Akíkanjú, ti ọdún yìí sì ni Torcuil, ẹni tó ti òde ibí lọ sí Kánádà pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo, tó sì kọ́ afárá mọ́kànlá sórí àwọn odò tó ń dì gbagidi ní gbogbo ìgbà òtútù. Ó kú ní ìgbà ìrúwé. Tó bá di aago mẹ́ta, olórí ẹbí máa ka orúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á sì gba píìnì fàdákà lórúkọ rẹ̀.

“Ẹ kú àfẹ́kù bàbá,” ni Marsaili sọ. “Ìdílé yín wà lójú ewé kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí n—”

“Kì í ṣe ìdílé mi ni mò ń wá. Obìnrin kan ni mò ń wá. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Vehak.”

“Vehak kí ni?”

“Vehak náà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ṣé orúkọ èèyàn ni àbí ti oògùn ikọ́?”

Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú lọ́tẹ̀ yìí. Ó ki ọwọ́ sínú àyà jákẹ́ẹ̀tì, ó sì yọ ohun tó ti ń bò láti àárọ̀ jáde. Àpòòwé ni, àpòòwé àtijọ́ tó ti pọ́n bíi tíì. Kò gbé e lé tábìlì. Ó kàn dì í mú fún Marsaili láti wò. VEHAK, STRATHCORRAN, SCOTLAND ni wọ́n kọ sí i pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, bí ọmọ ilé ìwé ṣe máa ń kọ̀wé. Ẹnì kan sì ti fi pẹ́ńsù pupa kọ ọ́ gbọọrọ lórí rẹ̀ pé: A kò mọ ẹni yìí níhìn-ín. Ẹ dá a padà. Ẹnu rẹ̀ ṣì lẹ̀ pinpin. Wọn ò ṣí i rí.

“Bàbá àgbà mi kọ ọ́ lọ́dún tó kọ́kọ́ dé Kánádà,” ni Fearchar sọ. “Wọ́n dá a padà. Ó gbà pé ọmọbìnrin náà ló ní kí wọ́n dá a padà, nítorí bẹ́ẹ̀ kò kọ òmíràn mọ́. Ó fẹ́ ìyá àgbà mi, wọ́n gbé pọ̀ dáadáa títí ìyá fi kú. Àmọ́ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ la ti rí èyí. Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kú, ó ní, ‘Fearchar, mú un padà sílé. Fi lé e lọ́wọ́. Bí kò bá fẹ́ mi lóòótọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà.’ Ó ní tí mi ò bá rí i, kí n lọ sórí afárá tó wà níhìn-ín, kí n jù ú sódò, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i.”

“Ìgbà wo lẹ máa lọ?”

“Bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ààbọ̀.”

Marsaili wo aago. Ó ti kọjá aago kan. Ara rẹ̀ ti ń yún un. Lẹ́tà tí wọn ò ṣí láti ọgọ́ta ọdún ó lé! Kí ló wà níbẹ̀? Kí ni géńdé máa ń kọ sí obìnrin láti òdì kejì òkun nígbà tó jẹ́ pé ìrìn ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ ń rìn? Ká ní wọ́n jẹ́ kó mọ̀ ọ́n, ì bá fi owó oṣù rẹ̀ ṣe pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kí odò gbé e lọ láìkà? Kò ní ṣojú òun.

Ó tú ìwé ìran láti òkè délẹ̀. Vera kan wà, ìyàwó ará Ọsirélíà. Violet kan wà, ó kú lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Kò sí Vehak. Wọ́n wo ti ilé ìjọsìn, wọ́n wo ti àwọn tó wọkọ̀ ojú omi. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí ìwé náà, Marsaili sì ń gbọ́ òórùn ọṣẹ lára rẹ̀, ó wá ń ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ṣé kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí?”

“Rárá o. Àmọ́ nígbà àìsàn, ó máa ń pè é lójú oorun. ‘A Vehak. A Vehak.’ Báyìí gẹ́lẹ́.”

“Kí ni ‘a’ tó wà níwájú yẹn?”

“Mo rò pé ó ń mí ni.”

Marsaili kọ orúkọ náà sórí ìwé pélébé kan, ó sì dìde. “Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹnì kan wà tó bá jẹ́ pé Vehak gbé òde yìí rí, ó máa mọ ojú ilẹ̀kùn rẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe jáde ni òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, Fearchar sì ti àpòòwé padà sí àyà. Àgọ́ tíì ni wọ́n forí lé, lẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin tó ń jó ijó ìbílẹ̀ lórí idà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àntí Beca wà níbẹ̀, ó ń la búrẹ́dì kéékèèké sí méjì, ó ń ti bọ́tà bọ inú wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Òun ló pín lẹ́tà ní gbogbo Strathcorran fún ọdún mọ́kànlélógójì, lójò, lẹ́ẹ̀rùn, nínú yìnyín tó ga dé ìbàdí. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni Marsaili ti ń wò ó tìyanu-tìyanu. Kóòtù búlúù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí Marsaili ti mọ̀ ọ́n ló wọ̀. Ó jó búrẹ́dì àkọ́kọ́ nínú ààrò, ohun tí kò ṣe rí. Kí ló ń ṣe ìyá yìí lónìí?

“Àntí, ẹ wò ó, ọmọ ọmọ Torcuil—”

“Mo mọ ẹni tó jẹ́.” Àntí Beca kò gbójú sókè. “Imú rẹ̀ ti sọ ọ́ láti òkèèrè. Ṣé wọ́n ní kó wá jẹun ni?”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà,” ni Fearchar sọ.

“Ẹ̀n-ẹ́n.”

Marsaili wo Fearchar, Fearchar wo Marsaili. “Àntí, ẹ jọ̀ọ́. Nínú gbogbo ọdún tí ẹ fi pín lẹ́tà, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ báyìí?”

Àntí Beca gba ìwé pélébé náà, ó nà án jìnnà sí ojú, nítorí awò rẹ̀ wà nínú báàgì. “V. E. H. A. K. Orúkọ àjèjì nìyí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìsédò iná mànàmáná lókè lọ́hùn-ún, àwọn ará Poland àti Czech ló kún ibẹ̀. Novak, Horak, gbogbo wọn ló ń jẹ́ ‘ak.’ Wọ́n ti lọ tipẹ́.”

“Obìnrin ni, Mà,” ni Fearchar sọ. “Bàbá àgbà mi ló kọ lẹ́tà sí i láti Kánádà.”

Ọ̀bẹ dúró nínú bọ́tà.

“Lẹ́tà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Torcuil kọ lẹ́tà.” Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ka àdírẹ́sì tí kò hàn. “Sí obìnrin ìsédò.”

“A ò mọ̀ bóyá ìsédò ni—”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Àṣé ó mọ̀wé kọ!” Ọ̀bẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, búrẹ́dì kan sì fọ́ sí mẹ́rin. “Ẹ lọ béèrè ní ìsédò.”

“Àntí, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹja ló wà níbẹ̀.”

“Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹja!”

Nígbà tí wọ́n jáde, Fearchar ní, “Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?”

“Mi ò mọ̀.” Marsaili bojú wẹ̀yìn. Àntí Beca ti kẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ló kàn án nípa ẹni tí ọkùnrin kan kọ̀wé sí ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn? Ìbéèrè kan ni Marsaili mú wọnú àgọ́ tíì. Méjì ló mú jáde.

Wọ́n béèrè káàkiri. Ọkùnrin tó ń ta bísíkíìtì ní bóyá orúkọ màlúù ni. Ìyàwó pásítọ̀ ní àwọn máa gbàdúrà. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta, wọ́n pín bísíkíìtì alábọ́tà kan jẹ, Fearchar sì ń sọ̀rọ̀ nípa erékùṣù tí wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá àgbà rẹ̀ ti máa ń dúró létí òkun, tó ń kọjú sí ìlà oòrùn láìsọ nǹkan kan. Marsaili ń gbọ́, ó sì ń ronú pé òun kò fẹ́ kí aago márùn-ún ààbọ̀ lù. Ó ní nítorí lẹ́tà ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Aago mẹ́ta lù. Fèrè alápò ké, gbogbo ẹbí sì rọ́ lọ síwájú pèpéle. Olórí ẹbí, Ìyáàfin Iseabail, obìnrin kúkúrú tó ki ìyẹ́ idì mẹ́ta bọ fìlà, ṣí Ìwé Àwọn Akíkanjú. Ó kọ́kọ́ ka àwọn ti ìṣáájú, bí àṣà wọn: dókítà obìnrin tó fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ la ìjì kọjá lọ gbẹ̀bí ní erékùṣù méje, darandaran tó tọ́jú igi ápù kan títí tó fi so nínú òtútù, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìràwọ̀. Bó bá ti ka ọ̀kan, àwọn èèyàn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Tiwa ni!” Àwọn arúgbó ń sunkún, àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀.

“Torcuil MacCorran,” ni Ìyáàfin Iseabail ka. “Afárá mọ́kànlá. Kò sí èyí tó tíì wó.”

“TIWA NI!”

Fearchar gun pèpéle. Wọ́n fi píìnì fàdákà mú aṣọ èjìká rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. “Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹbí mi,” ló bẹ̀rẹ̀. “Bàbá àgbà mi máa ń sọ pé—”

Níwájú gan-an, Bàbá Eòghann wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni, òun àti Àntí Beca nìkan ló kù ní Strathcorran tí wọ́n ṣì ń fi èdè Gàlíìkì, èdè àwọn baba ńlá wọn, bára wọn jà lójoojúmọ́. Etí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tán, nítorí náà ó gbà pé ti gbogbo ayé ti di. Ó yí àga rẹ̀ sí ọ̀nà àgọ́ tíì, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹnu, ó sì lọgun:

“A Bheathag! A BHEATHAG! Ṣé o gbọ́? Torcuil wa ni wọ́n ń yìn!”

Fearchar tẹ̀ síwájú lórí pèpéle. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hun.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì kọjá lórí gbogbo pápá, “ta lẹ pè?”

“Hẹ̀?”

“TA LẸ PÈ?”

“Beathag ni mo pè! Ìyá onítíì yẹn!”

“Ṣùgbọ́n Vehak lẹ pè é!”

“Mo ń pè é ni!” Ọ̀rọ̀ náà ti ń bí Bàbá Eòghann nínú. “Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é tí wọ́n bá ń pè é! Ọmọ wo nìyí?”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Marsaili nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí òye náà dé bá a lójijì. Ojoojúmọ́ ni òun ń gbọ́ tí Bàbá Eòghann ń ké e, òun sì rò pé èébú kan ni. Gàlíìkì tí òun gbọ́ kò ju ti kíkíni àti ti oúnjẹ lọ, àmọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ ní èdè náà ti sọ èyí fún un rí. Ní èdè àwọn àgbà, orúkọ rẹ yàtọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ, ó yàtọ̀ tí wọ́n bá ń pè ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ “a,” orúkọ náà á sì rọ̀ lẹ́nu wọn. B á di V, wọ́n á sì kọ ọ́ ní Bh; ‘th’ ń dún bí ‘h’, ‘g’ ìparí ń dún bí ‘k.’ Beathag tó jókòó sílé, tí ó bá gbọ́ tí wọ́n ké sí i lójúde, Vehak ni. Kò sì sí ìwé ìran kan láyé tí wọ́n ti máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ náà kò sí níbì kankan àfi lẹ́nu ẹni tó ń pe onítọ̀hún. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ́ àwọn Torcuil níwèé nígbà náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn kọ ọ́ bó ṣe ń pè é.

Marsaili fi iwájú pèpéle sílẹ̀, ó sáré lọ sí àgọ́ tíì. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Fearchar ti fò sílẹ̀, ó ń bọ̀, kílítì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyáàfin Iseabail kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn juwọ́ sí àwọn onífèrè, fèrè sì gba gbogbo pápá kan kí ojú àwọn èèyàn má baà wà ní àgọ́ tíì. Bàbá Eòghann nìkan ló yí àga rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ta ló máa dá a dúró?

Àntí Beca wà lórí ìdúró. Ó ti gbé awò sójú.

“Rebecca ló wà nínú ìwé mi!” ni Marsaili kígbe. “Àntí, Rebecca ni wọ́n kọ!”

“Tíṣà ló sọ mí ní Rebecca,” ni Àntí Beca dáhùn, ojú rẹ̀ wà lára Fearchar. “Beathag ni ìyá mi sọ mí. Kí ló dé tí ẹ ń pariwo orúkọ mi káàkiri pápá?”

Fearchar yọ àpòòwé jáde, ó dì í mú níwájú rẹ̀, kò tíì fi lé e lọ́wọ́. “Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ, Mà. Ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹ má fi ojú Gẹ̀ẹ́sì kà á.”

Àntí Beca kà á. “Ve-hak,” ló sọ lábẹ́ ohùn. “A Vehak.” Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ pupa. Ó tẹ̀ síwájú. Ó tún tẹ̀ síwájú, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé.

“Ta ló fi pẹ́ńsù pupa kọ èyí?”

“A ò mọ̀, Mà. Ará ilé pósítì kan ni.”

“Ará ilé pósítì kan.” Ó jókòó. “Èmi ni.”

Ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ pupa náà.

“Ọwọ́ ìkọ̀wé mi nìyí. Báyìí ni mo ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà. Marsaili, o ti rí i lára ìwé tí mo máa ń kọ fún ọ̀gá tó ń ta mílíìkì.” Àntí Beca bọ́ awò, ó tún gbé e sójú. “Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi gba iṣẹ́ yẹn? Oṣù kẹsàn-án ni Torcuil lọ. Ó ní tóun bá ti ríbi dúró sí, òun á kọ̀wé sí mi. Nígbà yẹn gbogbo òde yìí ló ń ka lẹ́tà èèyàn kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Mo ní rárá, ọwọ́ kankan kò ní kan tèmi ṣáájú mi. Mo lọ tọrọ iṣẹ́ náà. Ìrìn máìlì méjìlá lójúmọ́! Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń retí lẹ́tà kan ṣoṣo.” Ó nàka sí àpòòwé. “Ó dé. Ó dé o! Mo gbé e lọ́wọ́, mo ní, ‘Vehak, ará Czech ìsédò nìyí, ó ti kó lọ.’ Nọ́ńbà àpótí pósítì nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sórúkọ. Mo mú pẹ́ńsù. Mo tiẹ̀ ṣàánú ẹni tó kọ ọ́.”

“Ẹ̀yin lẹ dá a padà,” ni Fearchar sọ díẹ̀díẹ̀. “Ó ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín dá a padà.”

“Mo fi ọwọ́ ara mi dá a padà!”

Marsaili rò pé ẹkún ló máa bú sí. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, ó mì í láti èjìká dé orúnkún, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń rín in.

“Afárá mọ́kànlá!” ló sọ nígbà tó lè sọ̀rọ̀. “Afárá mọ́kànlá, ọkùnrin yìí kò rí ọ̀kan kọ́ sí ọ̀nà ilé!”

“Kí ló dé tí kò kọ Rebecca sí i, Àntí?”

“Kò gbọ́ ọ rí ni! Òkè kejì ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ìsédò ló gbé e wá, ibi ijó la ti pàdé. Ìwọ náà rò ó wò. Ọkùnrin wo ló ń bá ọmọbìnrin jó tó ń pè é ní orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà?”

“Ó jó burúkú!” ni Bàbá Eòghann lọgun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

“Dákẹ́ ńbẹ̀! O jowú ni!”

“Lónìí nìkan kọ́!”

Fearchar rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló kọjú sí Marsaili. Òjò ti dá. Ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí nígbà tí gbogbo ayé ń wo igi.

“Ẹ má gbàgbé bọ́ọ̀sì yín,” ni Marsaili sọ, nítorí ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́.

“Òmíràn wà lọ́la.” Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. “Bí mo bá fẹ́ pè ọ́ ńkọ́?”

Marsaili gbọ́ ọ. Títí di ìsinsìnyí, “ẹ” ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. “Marsaili ni.”

“Rárá. Bí mo bá ń pè ọ́.”

“A Mharsaili!” ni Bàbá Eòghann ké kí ẹnikẹ́ni tó bi í. “V ni, ọmọ mi, V! Jẹ́ kó rọ̀ lẹ́nu rẹ!”

“A Varsali,” ni Fearchar sọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni Marsaili ti ń jẹ́ Marsaili, lórí káàdì, lórí bébà owó oṣù, lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó pè é báyìí rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àntí Beca ti dìde. Ó ti fọ bọ́tà kúrò lọ́wọ́, ó ti nu ọwọ́ gbẹ, ó sì ti de gbogbo bọ́tìnnì kóòtù búlúù náà dé ọrùn. Fearchar na àpòòwé sí i.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” ni Àntí Beca sọ. “Ṣé búrẹ́dì ni? Dúró dáadáa. Fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ wálẹ̀, kò yẹ kó bo orúnkún. Ẹ̀n-ẹ́n. Tí a bá ń fi lẹ́tà léni lọ́wọ́ níhìn-ín, a máa ń kọ́kọ́ pe orúkọ ẹni tó ni ín, kó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa dáhùn. Kí ó má baà ṣìnà.”

Fearchar dúró ṣánṣán. Ó di àpòòwé náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó pe orúkọ náà bó ṣe gbọ́ ọ láti ẹnu àgbàlagbà kan tó ń sùn ní erékùṣù tó jìnnà.

“A Bheathag.”

“Èmi nìyí,” ni ìyá náà dáhùn, ó sì na ọwọ́ rẹ̀. Fearchar fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.